Àpò Ìwé Ẹ̀sìn: Ẹ Má Jẹ́ Kí Á Jẹ Ojú Owó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi kálàmù kọ́ ọmọnìyàn. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun nínú owó tí a kó jọ ní orúkọ Rẹ̀. Bí òrùlé mọ́sálásí bá ń jò, gbogbo wa ni òjò ń pa; bí ìwé ẹ̀sìn bá tán, ọmọ ilé-kéwú nìkan ni ó ń mọ̀. Nítorí náà ni ó fi rọrùn láti na owó ìtẹ̀wé sí nǹkan mìíràn.

Ní ọdún 1906, Àlùfáà ìjọ M. S. Cole, ọmọlẹ́yìn Jésù, túmọ̀ Àlùkùránì sí èdè Yorùbá, CMS sì gbé e jáde ní Èkó. Ó di ọdún 1973 kí èyí tí Muslim Council of Nigeria ṣe tó jáde, Beirut ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Ṣé àwọn onímọ̀ wọ́n láàárín wa ní gbogbo ọdún 67 yẹn ni? Rárá o. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò lè tẹ ara rẹ̀ sínú ìwé. Lónìí, ilé ìtẹ̀wé Ọba Fahd ní Mọ̀dínà, tí a ṣí ní ọdún 1984, ń fi Àlùkùránì tọrẹ káàkiri ayé. Ìjọba ni ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwa tí kò ní ìjọba lẹ́yìn ńkọ́?

Nígbà tí Sàyídínà Umar rí ilẹ̀ gbà ní Khaybar, ó béèrè ohun tí yóò fi ṣe. Ànábì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dá ilẹ̀ náà dúró, kí ó sì máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. Bukhari àti Muslim ni ó gbà á wá. Èyí ni wákàfù. Ìyá tí ń ta ata ní Ọjà Ọba níhìn-ín mọ̀ ọ́n pẹ̀lú: èrè ni à ń jẹ, a kì í jẹ ojú owó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí bo ahun mọ́lẹ̀. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ bébà wa ti ń wá. Bí náírà bá ti ń wálẹ̀, owó tí ó jókòó ń dín kù láìsí olè, èlé sì jẹ́ haráámù fún wa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fi iye tí yóò tún ìwé tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Kí á fi èyí tí ó lé ra bébà, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí owó ìyá rẹ̀ yóò máa tẹ̀wé. Bí a bá yá nínú rẹ̀, kí á kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, gẹ́gẹ́ bí Súrátùl-Bákárà ti pa á láṣẹ. Kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo jámáà.

Ẹ rántí pé àwọn kan tí ó dá owó bẹ́ẹ̀ ti wà ní sàréè. Ànábì kọ́ wa pé sàráà tí ń ṣàn àti ìmọ̀ tí ó ń ṣàǹfààní wà nínú ohun tí kì í já lẹ́yìn ikú. Bí a bá jẹ ojú owó náà, ẹ̀san òkú ni a dí lójú ọ̀nà.

Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní olùfọkàntán. Àmín.