Ṣé A Lè Fárí Lẹ́yìn Olórí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ohun tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ni èyí: bí olórí bá jókòó síbẹ̀ ńkọ́, tí ẹni tí ó mú abẹ lọ́wọ́ sì ń bi í léèrè irú ìfárí tí ó fẹ́, nígbà tí ìdajì irun ti wà nílẹ̀? Mo fẹ́ kí a jọ yẹ ìbéèrè yìí wò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ní àdúgbò tí wọ́n ti bí mi, ilẹ̀ gbalasa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, igi ọdán mẹ́ta sì wà lórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ àwọn baba arúgbó a máa ta ayò lábẹ́ wọn. Ní ọ̀sán àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa gbá bọ́ọ̀lù. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, àwọn alákàrà àti àwọn tí ń sun àgbàdo a gbé iná kalẹ̀. Lójú ẹni tí ó ń fi mọ́tò kọjá, ilẹ̀ lásán ni. Ìjọba ìbílẹ̀ pinnu láti sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ìgbàlódé, tí ògiri yóò yí ká, tí òdòdó àti àga onísìmẹ́ńtì yóò wà nínú rẹ̀, tí a ó sì máa gba owó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. N kò bú wọn. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ibẹ̀ a máa mu ènìyàn dé kókósẹ̀, ìdọ̀tí ọjà kò sì ṣeé fẹnu sọ.

Wọ́n wá àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé láti gbé fọ́ọ̀mù kiri kí a lè mọ èrò ará ìlú. Ìsinmi ni mo wà, mo sì gbà. Ìyá kan tí ó ti ń dín àkàrà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi ni mo kọ́kọ́ bá. Mo kí i, mo ní, "Màmá, ìjọba fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń fẹ́ kí ó wà nínú ọgbà náà." Ó gbé ìjábẹ́ rẹ̀ sójú àwo, ó wò mí. "Ọmọ mi, bí mo bá ní n kò fẹ́ ògiri, ṣé wọn kò ní mọ ọ́n?"

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo rí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti tò jọ lẹ́yìn ọ́fíìsì, mo sì rí àwòrán ọgbà náà lára ògiri, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí rẹ̀. Mo dá ìyá náà lóhùn pé, "Ẹ ṣáà wí i, Màmá, n ó kọ ọ́ sílẹ̀." Mo sì kọ ọ́.

Ǹjẹ́ mo purọ́? Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu mi jáde kò ní irọ́ nínú: mo ní n ó kọ ọ́, mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìbéèrè pàápàá lè jẹ́ irọ́. Bí a bá bi àlejò léèrè bóyá iyán ni yóò jẹ tàbí ọkà, nígbà tí ọkà ti wà nínú àwo, ẹ̀tàn ni a tàn án, bí ọkà náà ìbáà tilẹ̀ dùn. Ẹni tí ó bèèrè ti ṣe ìlérí láìsọ ọ́: pé èsì náà yóò ríbi sùn sí.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Sherry Arnstein, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1969. Ó fi àjọṣe ìjọba àti ará ìlú wé àkàbà onígbésẹ̀ 8. Ní ìsàlẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń fi ará ìlú ṣe ohun èlò lásán. Ní òkè téńté ni ibi tí agbára ti wà lọ́wọ́ ará ìlú fúnra wọn. Bíbéèrè èrò jẹ́ ìgbésẹ̀ kẹrin, ó sì kà á mọ́ àwọn tí ó jẹ́ ìṣe ojú ayé. Nígbà tí mo kà á, mo rí fọ́ọ̀mù mi lórí ìgbésẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Berlin ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú Tempelhof pa ní 2008, wọ́n sì ṣí ilẹ̀ rẹ̀, tí ó ju 300 hẹ́kítà lọ, sílẹ̀ fún ará ìlú ní 2010. Ìjọba ìlú fẹ́ kọ́ ilé bíi 4,700 àti ilé-ìkàwé ńlá kan sí etí rẹ̀. Àwọn ará ìlú bu ọwọ́ lùwé títí ọ̀rọ̀ fi di ìbò. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2014, nǹkan bí 64 nínú olùdìbò 100 ni wọ́n ní kí a fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Níbẹ̀, olórí ni ó mú abẹ lọ́wọ́. Ní Istanbul ní 2013, ìjọba fẹ́ hú igi ọgbà Gezi láti tún bárékè àtijọ́ kọ́ síbẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ jókòó ti igi kò pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́pàá fi ipá lé wọn, ilẹ̀ Tọ́kì gbiná, ẹ̀mí sì sọnù.

Síbẹ̀, ìbò Berlin kò yanjú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ilé wọ́n ní ìlú náà. Ẹni tí ó fẹ́ wá gbé ibẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì ríbi wọ̀ sí kò ní ìbò. Ta ni yóò gbẹnu sọ fún un? Èrò rere sì lè ti ọkàn ẹnì kan ṣoṣo jáde. Freedom Park ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 2010 sí ibi tí ẹ̀wọ̀n Broad Street wà tẹ́lẹ̀, àlá ayàwòrán-ilé Theo Lawson ni. Ibi tí a ti há Herbert Macaulay àti Awólọ́wọ̀ mọ́ ni a ti ń ṣeré orí ìtàgé lónìí. Nítorí náà n kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn mú abẹ. Ọ̀mọ̀wé ni ó mọ ibi tí ó yẹ kí gọ́tà gbà. Ìyá alákàrà ni ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ, àti ibi tí òjìji igi máa ń bọ́ sí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé kankan.

Ohun tí ó dùn mí ni pé òtítọ́ kò ṣòro sọ. Wọn ìbá ti wí pé: "Ògiri ti di dandan, a ti náwó lé e. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà yóò wà, tàbí iye tí a ó gbà. Ẹ bá wa dá sí i." Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ìyá náà ìbá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun mọ.

Wọ́n ti kọ́ ọgbà náà tán. Ó mọ́, ó sì lẹ́wà. Igi ọdán méjì ni ó kù. Ìyá náà ti kó iná rẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri, létí títì, níbi tí eruku mọ́tò ti ń bà lé àkàrà. Nígbà tí mo lọ rà nínú rẹ̀ ní ìsinmi tó kọjá, ó fi kún un fún mi, ó sì ní, "Ìwé tí o kọ ọ̀rọ̀ mi sí ńkọ́?" Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ọ́fíìsì náà láti wá a. Wọ́n fi páálí kan hàn mí lábẹ́ tábìlì. Àwọn fọ́ọ̀mù náà wà nínú rẹ̀, okùn tí èmi fúnra mi fi dì wọ́n sì wà bí mo ti so ó.