Ẹni Tí A Pè Wọlé Nígbà Tí Eré Fẹ́ Parí

Ẹ kà: Mátíù 25:1–13

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ fi ṣáájú. Àwa tí a ń gbé nítòsí Ring Road, lẹ́bàá pápá ìṣeré Liberty tí ó ń jẹ́ Obafemi Awolowo láti ọdún 2010, a kò lè sọ pé a kò mọ bọ́ọ̀lù. Bí a kò bá tilẹ̀ lọ wò ó, ariwo rẹ̀ ń bá wa nínú ilé ìdáná.

Ní alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1996, Nàìjíríà pàdé Argentina nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù Olympic ní Amẹ́ríkà. Emmanuel Amuneke kò sí nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi í sí. Bẹ́ẹ̀ òun ló gbá bọ́ọ̀lù méjèèjì wọlé nígbà tí a na Zambia 2–1, tí a fi gba ife Áfíríkà ní Tunis lọ́dún 1994. Òun náà ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún yẹn. Ẹni tó ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó jókòó! Ká ní èmi ni, ojú mi ì bá le bí òkúta.

Ìdajì kejì ti lọ jìnnà, Argentina sì ń fi 2–1 ṣíwájú, kí wọ́n tó pe Ikpeba jáde, tí Amuneke wọlé. Kò pẹ́ tí Amokachi fi sọ ọ́ di 2–2. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, a gba ìfẹsẹ̀gbá kan. Àwọn ará Argentina sáré jáde lápapọ̀ kí wọ́n lè mú wa ní ọ́fúsáìdì. Amuneke nìkan ló dúró sí ibi tó yẹ, ó sì gbá a wọlé. 3–2! Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba wúrà bọ́ọ̀lù Olympic. Ní àdúgbò wa ní Agbowó, àwọn ìyá tó ti sùn jáde síta pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn wúńdíá mẹ́wàá náà. Ohun tí mo kàn gbójú fò láti ìgbà èwe mi ni pé àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sùn, àti ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀. Ọkọ ìyàwó kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí oorun. Àtùpà wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Òróró àjẹṣẹ́kù ló yà wọ́n sọ́tọ̀, òróró tí ẹnikẹ́ni kò rí nígbà tí ojú ọ̀sán ṣì mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Nínú ẹgbẹ́ kan tí mo wà, èmi ni mo ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fi ọmọdébìnrin kan sí i, wọ́n ní kí màmá sinmi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà n kò ṣí ìwé ẹ̀kọ́ mọ́. Mo ń lọ sí ìpàdé, mo jókòó sẹ́yìn, mo ń ka àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ara ọmọ rẹ̀ kò yá, kò lè wá. Gbogbo ojú yí sí mi. “Màmá, ẹ bá wa gbà á o.” Mo dìde. Ẹ̀yin ìyá mi, n kò ní nǹkan kan láti sọ. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ilé ìwé ṣe rí láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ń wo aago ara ògiri. Olùkọ́ tó ti lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́!

Nígbà tí mo délé, mo sunkún. Lọ́jọ́ kejì mo wá ìwé ẹ̀kọ́ náà jáde, mo nu eruku ara rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí, wọn kò tíì tún pè mí. Ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú, mo ń ka ẹ̀kọ́ Ọjọ́bọ̀, mo sì ń gbàdúrà fún ọmọbìnrin tí yóò kọ́ wa.