Ìbọn Bàbá Ẹni

Bí ènìyàn bá tún ohun kan ṣe, kí ni ó dá padà gan-an? Ara ohun náà ni, tàbí iṣẹ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sọ pé ìbéèrè yìí kò ní láárí, nítorí pé ẹni tí ó tún àga tí ó ṣẹ́ ṣe ti dá ara àga àti ìjókòó rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Òtítọ́ ni, bí ó bá jẹ́ àga. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ lè pa ènìyàn lára.

Mo mọ bàbá kan ní Ìkòtún tí ó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ọkùnrin kan láti Ẹ̀gbẹ́dá gbé ìbọn afẹ́fẹ́ àtijọ́ kan tọ̀ ọ́ wá, ogún tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Diana ni orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe ìbọn yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Rastatt, ní Jámánì, ní ọdún 1890. Àmì wọn ni abo òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù, tí ó gbé ìbọn sókè, tí ó sì ń ju ọrun àti ọfà rẹ̀ nù. (Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tiwa, a dúpẹ́, kò tí ì ju tirẹ̀ nù.) Igi ìdí ìbọn náà ti sán, irin rẹ̀ ti dípẹtà, bí a bá sì yìn ín, èémí lásán ni ó ń mí bí arúgbó tí ó gun òkè. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹ bá mi tún un ṣe, kí ó rí bí ó ti rí nígbà ayé bàbá mi." Bàbá náà yẹ ìbọn wò títí, ó ní, "Èwo nínú rẹ̀ ni kí n tún ṣe, ọmọ mi?"

Kì í ṣe àwàdà ni ó ń ṣe. Ìbọn afẹ́fẹ́ kì í jẹ ẹ̀tù. Bí a bá ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀, sípíríǹgì inú rẹ̀ yóò ká jọ, ìkọ́ kékeré kan yóò sì há a mọ́lẹ̀. Bí a bá yìn ín, sípíríǹgì yóò ti písítìnì síwájú, písítìnì yóò fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ yóò sì ti ọta òjé jáde, ọta kékeré tí ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílímítà 4.5 tàbí 5.5. Nínú àwọn ìbọn àtijọ́, awọ ni a fi bo orí písítìnì kí afẹ́fẹ́ má ba à jò, awọ yìí ni ó sì máa ń tètè kú. Bí a bá gé awọ tuntun, tí a rẹ ẹ́ sínú òróró, tí a sì pààrọ̀ sípíríǹgì tí ó ti rẹ̀, ìbọn tí ó ti dákẹ́ láti ọdún gbọọrọ lè jí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ìrísí rẹ̀ ni ó ṣòro. Ẹni tí ó bá fi sáńpépà bó ìpẹtà títí irin fi ń dán lè bó orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ lọ pẹ̀lú; ẹni tí ó bá fá igi rẹ̀ yóò fá ibi tí ọwọ́ olóògbé ti mú kí ó jọ̀lọ̀. Ìrántí tí ọkùnrin yìí ń wá wà lára igi gbígbó yẹn. Agbára tí kò ronú sí ni ó wà nínú awọ àti sípíríǹgì.

Àwọn ará Gíríìkì ti jiyàn irú èyí rí. Plutarch sọ pé bí pákó ọkọ̀ Theseus ti ń jẹrà ni wọ́n ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀, tí àwọn ọlọ́gbọ́n sì ń bi ara wọn léèrè bóyá ọkọ̀ kan náà ni. Lójú tèmi, ilé wa ti dáhùn èyí tipẹ́. Ẹ̀kú eégún ilé kan ń gba aṣọ tuntun lé aṣọ láti ìran dé ìran, kò sì sí ẹni tí ń béèrè bóyá eégún náà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà, ilé tí ó ni ín kò sì yí padà. Ìbọn yìí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ti di òmíràn. Nígbà tí olóògbé ń fi í dọdẹ àdàbà ní ìhà Ìgàndò, oko àti igbó ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ọta tí ó tàsé ẹyẹ nígbà náà, inú ewé ni ó ń bọ́ sí. Lónìí, fèrèsé aládùúgbò ni, tàbí ojú ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ má sọ fún mi pé ohun ìṣeré ni. Ní nǹkan bí ọdún 1780, àwọn ọmọ ogun Austria gba ìbọn afẹ́fẹ́ tí Girandoni ṣe láti fi jagun. Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 sì to ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn ọdẹ ti òyìnbó, ó ya ṣakabùlà tí ń jẹ ẹ̀tù sọ́tọ̀. Ẹni tí yóò ní in gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, òfin náà kò sì fi títún ìbọn ṣe sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣáà wù. Nítorí náà bàbá náà ní kí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá tilẹ̀ jáde, ìwé kò lè sọ Ìkòtún di igbó padà.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ wa takò mí. Ó ní alágbẹ̀dẹ tí ó rọ àdá kò jẹ̀bi bí ẹnìkan bá fi ṣá ènìyàn. Mo gbà, nítorí pé iṣẹ́ àdá pọ̀: ó ń ro oko, ó ń gé igi, ó ń la ọ̀nà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni sípíríǹgì tí a há mọ́lẹ̀ ní. Ẹni tí ó bá dá a padà sí àyè rẹ̀, tí ó mọ ẹni tí yóò gbé e àti àgbàlá tí yóò ti yìn ín, kò lè wí pé òun kò mọ̀ sí i. Èrò tèmi ni pé bí ìwé bá dé, kí ẹni tí òfin fún láṣẹ lẹ igi tí ó sán, kí ó fi òróró pa irin, kí ó sì yọ sípíríǹgì kúrò pátápátá.

Ọ̀rẹ́ mi ní ìbọn tí kò lè yìn, irọ́ ni, ó dà bí ìlù tí a kò fi awọ sí. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára díẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ràn ìlù. Mo bi í pé, bí ó bá jẹ́ pé ògiri kan náà ni ilé rẹ̀ àti ti ọkùnrin náà jọ ní, èwo ni yóò yàn, irọ́ náà ni tàbí òtítọ́? Ó ní kí n jẹ́ kí òun ronú sí i. Láti ọjọ́ náà, kò tí ì fún mi lésì.