Ìdí Ń Bẹ Nínú Omi Ríru

Ní ọdún 1883, ní Manchester, Osborne Reynolds jẹ́ kí aró bá omi ṣàn nínú ọ̀pá dígí. Nígbà tí omi ń lọ jẹ́jẹ́, aró náà tọ́ gbọọrọ bí òwú. Nígbà tí omi yára, aró dàrú, ó sì pò mọ́ ọn. Ìdàrúdàpọ̀ náà ha ṣe aláìnídìí bí? Rárá o, ẹ̀ṣẹ́ kì í déédéé ṣẹ́. Òfin kan náà ni ó ń darí omi méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú omi ríru, ohun kékeré a máa di ńlá kánkán, a kò sì lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, bí kíláàsì bá dàrú, ìdí ń bẹ; ṣùgbọ́n kí àwa olùkọ́ má ṣe fi ìkánjú di ẹ̀bi ru ọmọ kan ṣoṣo.