Agogo Ẹnu Akọ̀ròyìn

Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Òwe yìí kan gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó kan akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn ju ẹlòmíràn lọ. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, a ti ń kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì láti 1961 ní Nsukka, àti láti 1966 ní Èkó. Ẹni tí ó bá yàn án ní láti jókòó lọ́jọ́ kan, kí ó bi ara rẹ̀ pé: níbo ni agbára mi wà gẹ́gẹ́ bí asọ̀tàn, níbo ni mo sì kù sí? Ìbéèrè náà dà bí èyí tí ó rọrùn. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó fi wọn ara rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ yóò kọ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹnìkan yóò ní òun ní ojú inú, pé òun lè fi gbólóhùn méjì gbé ọjà kan kalẹ̀ títí òǹkàwé yóò fi máa gbọ́ òórùn ata níbẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ní òun mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí ènìyàn kò fi ní lè gbé ìwé sílẹ̀. Bí ó bá kan àléébù, wọn yóò ní ojú ń ti àwọn láti bá àlejò sọ̀rọ̀, tàbí pé ọwọ́ àwọn kò yá. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n adùn nìkan ni wọ́n lò. Wọ́n wo bí ọ̀rọ̀ ti dùn tó, wọn kò wo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Àwọn apàlọ́ wa mọ̀ pé adùn ní ewu tirẹ̀. Ìdí nìyí tí apàlọ́, bí ó bá parí àlọ́, fi máa ń pe agogo ẹnu rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí: bí òun bá purọ́, kí agogo náà má ṣe ró, bí òun kò bá purọ́, kí ó ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé agogo náà kì í kọ̀ láti ró, nítorí apàlọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń lù ú. Nínú àlọ́, ẹ̀rín ni èyí ń pa wá, nítorí kò sí ẹni tí yóò wá Ìjàpá lọ sí ilé àna rẹ̀. Nínú ìròyìn, ẹni tí ó lu agogo ara rẹ̀, tí ó sì dá ara rẹ̀ láre, lè ba ayé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, 1980, ìwé ìròyìn Washington Post gbé ìtàn kan jáde láti ọwọ́ Janet Cooke, nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tí oògùn olóró heroin ti di bárakú fún. Ìtàn náà gún àwọn òǹkàwé lọ́kàn. Àwọn aláṣẹ ìlú Washington wá ọmọ náà títí, wọn kò rí i. Ní oṣù Kẹrin, 1981, wọ́n fún Cooke ní ẹ̀bùn Pulitzer. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí àṣírí fi tú pé kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ó kọ́kọ́ fa ìwádìí ni àkọsílẹ̀ tí Cooke ṣe nípa ara rẹ̀, nítorí oyè tí ó ní òun gbà ní Vassar College kì í ṣe òtítọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá ẹ̀bùn náà padà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé obìnrin yìí kò mọ ìtàn sọ. Ibi tí agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù ni ó ti ṣubú. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ tà ni òwe yìí ń bá wí.

Bóyá ẹnìkan yóò bi mí nípa tiwa. Láàárín 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, tí ó ti fi ayé jẹ fàájì tí àìsàn sì wá dá dùbúlẹ̀, ni ó ń kọ wọ́n. Thomas ni ó kọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà ní tòótọ́. Lónìí, àwọn onímọ̀ kà á mọ́ àwọn ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, a sì ń yìn ín. Èéṣe tí a fi ń yin ọ̀kan, tí a ń bú èkejì? N kò rò pé ọwọ́ Thomas mọ́ tónítóní, nítorí ẹni tí ó káàánú Sẹ̀gilọlá kò mọ̀ pé àròsọ ni òun ń ṣàánú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìwà ni ìtàn tirẹ̀ ń kọ́ni. Ti Cooke mú kí àwọn aláṣẹ máa wá ọmọ tí kò sí, nígbà tí àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ ní tòótọ́ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, àkókò ni ó gbé iṣẹ́ Thomas kúrò nínú ìròyìn bọ́ sínú lítíréṣọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ òní kò gbọdọ̀ retí kí àkókò ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún òun.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kékeré kan. Ká ní iná jó ọjà, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì lọ gbọ́ tẹnu ìyá aláṣọ kan. Ìyá náà kò sunkún. Ó ń ka ìwọ̀nba àǹkárá tí ó kù, ó sì ń dáhùn ní ṣókí. Akẹ́kọ̀ọ́ délé, ó kọ ọ́ pé omijé ń dà pòròpòrò lójú ìyá. Olùkọ́ rẹ̀ lè yìn ín pé ìtàn náà wọni lára. Ṣùgbọ́n bóyá ṣe ni ìyá náà mọ̀ọ́mọ̀ mú ọkàn le, nítorí àwọn tí ó jẹ ní gbèsè ń wò ó, kò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé òwò òun ti parí. Ẹ̀kán omijé tí a fi bu iyọ̀ sí ìtàn lè kó àwọn olówó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìtàn tí ó wà níbẹ̀ gan-an ni ọwọ́ tí ń ka aṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò rí i, nítorí ó ti mọ ohun tí yóò kọ kí ó tó débẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ àléébù ti wọlé. Ẹni tí ojú ń tì kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ó lè gbọ́ ohun tí ẹlẹ́nu dídùn kò dúró gbọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ó lè jẹ́ pé ó padà lọ béèrè lẹ́ẹ̀kejì ni. N kò ní kí a sọ ojútì di oyè: akọ̀ròyìn tí kò lè bi aláṣẹ léèrè ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tí a kọ sí abẹ́ àléébù lè jẹ́ ìjánu fún ohun tí a kọ sí abẹ́ agbára.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kó iṣẹ́ tí ó ti kọ jọ, kí ó sì béèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní, bí a bá ka ìtàn yìí sí etí ẹni tí ó dá lé, ǹjẹ́ yóò dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀? Èkejì, ẹnu àwọn mélòó ni mo ti gbọ́ ọ? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀kẹta, gbólóhùn wo ni ó dùn mọ́ mi jù, ta ni ó sì lè jẹ́rìí sí i yàtọ̀ sí èmi? Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó le jù, nítorí ó ń mú ọwọ́ kúrò lára agogo ara ẹni, ó ń fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò mọ̀ pé a ní àròkọ tí a ń pè ní oníròyìn, a sì gbà yín láàyè láti hun ún láti inú èrò yín. Ẹ hun ún kí ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òfin ìròyìn inú ìwé ìròyìn yàtọ̀ sí ti ìròyìn inú àròkọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ti fún ọmọ ní máàkì nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ kí a máa bi í pẹ̀lú pé, "Níbo ni o ti rí èyí?" Ọmọ tí a bá bi bẹ́ẹ̀ nígbà èwe yóò lè bi ara rẹ̀ nígbà tí kò bá sí olùkọ́ ní tòsí mọ́.