Àmáánà Tí À Ń Fi Ẹsẹ̀ Tẹ̀

 Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó dá wa láti inú erùpẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (SAW).

Ẹni tó bá gba GRA Ìlọrin kọjá láàárọ̀ ìgbà ọyẹ́ yóò rí èéfín. Wọ́n ti gbá ewé máńgòrò àti dongoyárò jọ, wọ́n sì ti dáná sí i. Ìmọ́tótó dára púpọ̀ nínú ẹ̀sìn wa, ṣùgbọ́n oúnjẹ ta ni à ń sun yẹn?

Nínú ẹ̀kún ṣíbí tíì kan erùpẹ̀ tó dára, ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ojú lásán kò rí lè tó bílíọ̀nù kan. Ewé tó jábọ́ ni oúnjẹ wọn; bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ di ọ̀rá ilẹ̀. Àwọn kan ń gbé inú kókó kéékèèké ara gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà, wọ́n ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún un.

Lóde òní, ooru ayé ń pọ̀ sí i, òjò kò sì dúró lójú kan mọ́. Bí ilẹ̀ bá gbóná tó sì gbẹ, apá kan wọn á kú, àwọn yòókù á sùn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, wọ́n á jí lójijì, wọ́n á máa jẹ ọ̀rá ilẹ̀ kíákíá, èémí wọn á sì máa tú kábọ́ọ̀nù sí afẹ́fẹ́, èyí tó tún ń dá kún ooru náà. Onímọ̀ kan tó ṣiṣẹ́ ní Kenya, H. F. Birch, ti kọ nípa jíjí yìí ní 1958. Bẹ́ẹ̀, kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ gbogbo ayé ju ti afẹ́fẹ́ àti ti ewéko lápapọ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará mi, áyà 41 nínú Súúrátu Rúùmù kìlọ̀ fún wa nípa ìbàjẹ́ tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ń fà. Bí a kò bá lè dá ooru ayé dúró lọ́la, a lè pa iná ẹ̀yìnkùlé wa lónìí. Ẹ kó ewé náà sí ìdí igi, tàbí kí ẹ gbẹ́ kòtò fún un kí ó jẹrà. Ewé tó bo ilẹ̀ ń gba oòrùn dúró, ó sì ń pa omi mọ́. Ànábì (SAW) kọ́ wa pé ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ lára ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàárà ni fún un. Àwọn tó ń bọ́ ohun tí a gbìn, ṣé iná ló yẹ kí á fi san án fún wọn?

Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè àmáánà, inú ilẹ̀ yìí kan náà ni a ó sì padà sí. Kí Ó má ṣe kà wá mọ́ àwọn tó ń ba ilẹ̀ Rẹ̀ jẹ́. Àámín.