Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Fi Irọ́ Ṣàánú?

Àwọn àgbà ní òtítọ́ korò. Wọn kò sọ fún wa bóyá irọ́ dùn, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a ti tọ́ ọ wò. Bí ọ̀rẹ́ wa bá dá aṣọ tí kò yẹ ẹ́, a ó ní ó yẹ ẹ́. Bí a bá lọ kí aláìsàn tí ó ti rù kan egungun, a ó ní, "Ara yín ti ń mókun o." Ta ni irú irọ́ bẹ́ẹ̀ pa lára? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé irọ́ tí a fi ṣàánú kì í ṣe irọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó yí mi lọ́kàn padà fún yín.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ní ọdún 1983, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n fi mí sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tí ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Ìyá aláṣọ kan wà níbẹ̀, gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Lẹ́ẹ̀kínní, iná lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí i lára kò sí. Ní àárọ̀ ìgbà kẹta, bí mo ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo rí kọ́ọ̀bù kan lábẹ́ rẹ̀, ògì àti mílíìkì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Ọmọ rẹ̀ ni ó gbé e wá ní ìdájí. Kò lè gbà kí ìyá òun fi inú òfìfo wọ tíátà.

"Háà! Màmá, ẹ ti jẹun!"

Ìyá di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má wí fún wọn. Ìgbà kẹta rèé o. Owó ọkọ̀ ti tán lọ́wọ́ mi, ọjà mi ti bàjẹ́ tán. Tí wọ́n bá tún dá mi padà, n ò ní wá mọ́. Ìwọ náà ṣáà ní ìyá."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó mú mi. Nígbà tí sístà àgbà bèèrè, mo ní kò jẹ, kò mu. Mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i.

Kí ni ó burú nínú ife ògì kan? Ẹ gbọ́ o. Oorun tí oògùn akunnilóorun ń kùn ni kì í ṣe irú èyí tí a ń sùn lórí ẹní wa. Bí a bá sùn nílé, tí itọ́ bá fẹ́ gba ibi tí kò yẹ, a ó wúkọ́, a ó ta jí. Ara ní ọlọ́dẹ tirẹ̀ tí kì í sùn. Ṣùgbọ́n oògùn yìí a máa kun onílé lóorun, a sì máa kun ọlọ́dẹ pẹ̀lú. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn, ó lè gòkè wá sí ọ̀fun, kí ó yà sí ọ̀nà èémí, kí ó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Omi kíkan inú ikùn yóò sì máa jó ẹ̀dọ̀fóró náà bí iná. Ní ọdún 1946, dókítà kan ní New York, Curtis Mendelson, ṣe ìṣirò irú rẹ̀ láàárín aboyún 44,016. Ó rí 66 tí ó ṣẹlẹ̀ sí, àwọn 2 sì kú. Ẹlòmíràn yóò ní 66 kò tó nǹkan. Bí ìyá tirẹ̀ bá wà nínú wọn ńkọ́?

Nítorí náà ni a fi ń ní kí aláìsàn má ṣe jẹun. Láyé ìgbà tiwa, láti ọ̀gànjọ́ òru ni. Lónìí, oúnjẹ gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 6 ó kéré tán, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lè mu omi lásán títí yóò fi ku wákàtí 2.

Ìyá aláṣọ kò tíì sùn tán tí ògì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo wà níbẹ̀, ojú mi ni ó ṣe. Wọ́n fà á, wọ́n nù ún, wọ́n dá iṣẹ́ abẹ dúró. Ọjọ́ 11 ni ìyá fi wà lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, àyà rẹ̀ ń dún bí ọlọ.

Wọ́n pè mí láti bi mí léèrè. Mo ní ohun tí aláìsàn sọ fún mi ni mo kọ. Ẹ rí i pé irọ́ kì í dá rìn. Ti àkọ́kọ́, mo lè pè é ní àánú. Èkejì yìí, kí ni kí n pè é? Dókítà tí ó fún un ní oògùn, tí ó gba ìwé mi gbọ́, ni wọ́n fún ní lẹ́tà pé kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ìyá ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní òpùrọ́. Kò dá orúkọ mi. Lọ́jọ́ tí ó ń lọ ilé, tòun ti gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn, ó fún mi ní àdìrẹ ọ̀pá méjì. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni o ṣàánú mi níbí."

N kò rán aṣọ náà títí di òní.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé, ta ni mo ṣàánú gan-an? Bí mo bá wò ó dáadáa, ara mi ni. N kò lè fara da ojú ẹkún rẹ̀. Bí mo bá ti sọ òtítọ́, dókítà ìbá sún un di ọ̀sán tàbí ọjọ́ kejì. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn tí kò ṣeé dá dúró, wọ́n ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá fún ẹni tí ó jẹun yó. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀. Irọ́ mi ni ó gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ wọn.

Ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọsibítù mìíràn, ọmọ-ọmọ bàbá kan sọ fún mi pé bàbá ti jẹ mọ́ínmọ́ín. Bàbá bẹ̀ mí, mo kọ̀. Mo sọ fún dókítà. Bàbá ṣépè fún mi níṣojú gbogbo ènìyàn, ó ní ọmọ tèmi náà yóò dúró kò ní rí ìtọ́jú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ó sì jí láyọ̀. Kò kí mi títí ó fi lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí mo ṣe níbi fún mi láṣọ, ẹni tí mo ṣe lóore gbé mi ṣépè. Bí ènìyàn bá ń fi ọpẹ́ wọn àánú, òṣùwọ̀n èké ni ó mú dání.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹjọ́ ọsibítù ni, pé kí ni ó dé tí wọ́n ń dá ènìyàn padà lẹ́ẹ̀mejì? Òótọ́ ni. Ìyà ni ó kọ́ ìyá náà ní irọ́. Àwa nọ́ọ̀sì sì ní ẹ̀bi tiwa. "Ẹ má jẹun" ni à ń pa láṣẹ, a kì í sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí a kò sọ ìdí fún yóò rò pé ìwà agídí lásán ni. Lẹ́yìn ti bàbá yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti àwọn aláìsàn ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ tí oorun ń gbé fún wọn. Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé yóò dùn àwọn, n kì í ní rárá. Mo ń ní, "Yóò dùn yín tí ẹ bá jí, ṣùgbọ́n a ní oògùn rẹ̀, a ó sì wà lọ́dọ̀ yín."

Bí wọ́n bá gbé aláìsàn jáde ní tíátà, irọ́ mìíràn tún wà tí ń dúró dè wá níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dá a dùbúlẹ̀ kí ahọ́n má baà dí i lọ́fun, kí ó ka èémí rẹ̀, kí ó wo àwọ̀ ètè àti èékánná rẹ̀, kí ó wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ó wo ojú ọgbẹ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń yọ, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lóòrèkóòrè. Òru ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò rí i. Ó rọrùn kí ó kọ iye tí kò kà. Mo mọ àwọn tí wọ́n ṣe é. Láti ọdún 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìwé kan jáde tí a fi ń bi aláìsàn ní orúkọ rẹ̀ àti ohun tí a fẹ́ ṣe fún un, kí a tó kùn ún lóorun. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí ó lè ju ọwọ́ tí ń kọ ọ́ lọ.

Ohun tí mo rí nìyí. Ẹni tí ó ń sùn lórí tábìlì tíátà kò lè sọ̀rọ̀. Ìwé tí nọ́ọ̀sì kọ ni ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ irọ́ sí i ti fi irọ́ sí ẹnu ẹni tí kò lè jiyàn. Irọ́ tí a pa fún ọ̀rẹ́ lórí aṣọ, ọ̀rẹ́ lè wo dígí. Aláìsàn tí ó sùn kò ní dígí kankan àfi àwa.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti kọjá ogójì ọdún, òtítọ́ kò tíì bá a. Mo rò pé ó tó àkókò kí n fi ẹsẹ̀ ara mi lọ pàdé rẹ̀.